Wọn Ò Pàdánù, Wọn Ò Ta Ọ̀mì, Síbẹ̀ Wọn Ò Pè Wọ́n

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ ni ẹ máa ń retí lójú ewé wa yìí. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀, ẹ bá wa kà á dópin. Ìtàn tòótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Ọjọ́ mélòó kan rèé tó ti wà lọ́kàn wa.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló pè wá lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o, bọ́ọ̀lù ló fi ṣe oúnjẹ." A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà gba fóònù, a bi í pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ti wà ní Amẹ́ríkà rí, èwo ló jẹ́ àwòkọ́ṣe fún un. Ó dárúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, gbogbo àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ. A ní, "Yunifásítì San Francisco ńkọ́, ní 1951?" Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, sà. Torí náà, òun la kọ èyí fún, àti gbogbo yín tí ẹ lọ́mọ tó ń sá eré kan tàbí òmíì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e. Orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Èèyàn 11 ló ń dojú kọ èèyàn 11. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù náà sáré dé òpin pápá lẹ́yìn àwọn alátakò ti gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀, touchdown ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dá a sáré débẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ló máa fi ara wọn ṣe ògiri, wọ́n á gba ìkọlù lórí àyà àti èjìká, kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó ríhò kọjá. Orúkọ ẹni tó sáré làwọn èèyàn máa ń pariwo. Àwọn tó ṣe ògiri, ẹ̀rọ̀fọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń bá lọ sílé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògiri yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ohun kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí sáà ṣe ń parí láyé ìgbà yẹn. Láti oṣù September títí dé November ni wọ́n máa ń gbá a. Tó bá di ọjọ́ ọdún tuntun, ìdíje ńlá kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní bowl. Kì í ṣe pé èèyàn á fi máàkì wọ̀ ọ́ o. Wọ́n gbọ́dọ̀ pè ọ́ ni. Ìgbìmọ̀ kan á jókòó, wọ́n á yan ẹgbẹ́ méjì tó wù wọ́n, wọ́n á sì fìwé pè wọ́n. Owó gọbọi ló wà níbẹ̀ fún iléèwé tí wọ́n bá pè. Rose Bowl wà ní California, àmọ́ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù wà: Orange Bowl ní Miami, Sugar Bowl ní New Orleans, Gator Bowl ní Jacksonville.

Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1951! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Aláwọ̀ dúdú ò gbọ́dọ̀ jókòó níwájú nínú bọ́ọ̀sì. Iléèwé wọn yàtọ̀, ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń mu yàtọ̀, ibi tí wọ́n máa jókòó sí nínú pápá ìṣeré náà yàtọ̀.

Ó dáa, ẹ wá jẹ́ ká lọ sí San Francisco.

Iléèwé Kátólíìkì ni yunifásítì náà. Àwọn àlùfáà Jesuit ló dá a sílẹ̀ ní 1855. Kò tóbi, kò lówó. Dons ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Láti 1948 ni Joe Kuharich ti jẹ́ kóòṣì wọn, ọkùnrin tó le koko, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Pete Rozelle ló ń bá wọn kọ ìròyìn ránṣẹ́ sáwọn oníwèé ìròyìn. Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn náà.

Àwọn wo ló wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún? Ẹ jẹ́ ká dárúkọ mẹ́rin péré.

Gino Marchetti, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ítálì. Kó tó dé yunifásítì, ó ti wọṣẹ́ ológun, ó sì ti jà ní Yúróòpù nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó ti rí ogun tòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á lórí pápá?

Bob St. Clair, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́sàn-án ni gíga rẹ̀. Ẹran tútù ló máa ń jẹ, kò ní sè é, kò ní sun ún. Haa! A ò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe gbà fún un.

Burl Toler, wọ́n bí i ní Memphis, Tennessee, ní 1928. Aláwọ̀ dúdú ni. Tó bá dì mọ́ èèyàn lórí pápá, ilẹ̀ lẹni náà máa bára rẹ̀.

Ollie Matson, wọ́n bí i ní Trinity, Texas, ní 1930. Aláwọ̀ dúdú lòun náà. Ó tóbi, síbẹ̀ ó ń sáré bí àgbọ̀nrín. Lọ́dún 1951 yẹn, kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré tó o jákèjádò Amẹ́ríkà: yáàdì 1,566, touchdown 21.

Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ Gúúsù ni Toler àti Matson, kí wọ́n tó dèrò California. Ibi tí bowl wọ̀nyẹn wà gan-an làwọn méjèèjì ti ṣí kúrò.

Sáà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n na San Jose State 39 sí 2. Nígbà tó yá, wọ́n tún pàdé wọn lẹ́ẹ̀kejì nínú sáà kan náà, wọ́n tún nà wọ́n 42 sí 7. Kí ló dé tí wọ́n fi gbá ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì? Torí wọn ò rí ẹni tó pọ̀ bá gbá ni. Ẹgbẹ́ àwọn ológun méjì wà lára àwọn tí wọ́n bá gbá, ọ̀kan ti Camp Pendleton, èkejì ti àwọn ológun ojú omi ní San Diego. Wọ́n rìnrìn àjò lọ bá Fordham ní New York, ibi táwọn oníwèé ìròyìn ńláńlá wà. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Matson gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wá láti bẹ̀rẹ̀ eré, tó sì gbé e sáré la gbogbo pápá já. 32 sí 26. Ìyẹn nìkan lẹni tó fẹ́ẹ́ bá wọn dọ́gba lọ́dún yẹn.

Ní November, wọ́n lọ bá College of the Pacific ní ìlú Stockton. Ẹgbẹ́ gidi ni Pacific, ọ̀pọ̀ sì ń rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí fún wọn. 47 sí 14! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n na Loyola ti Los Angeles 20 sí 2. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9, ìjáwé olúborí 9. Àwọn tó ń to ẹgbẹ́ nípò jákèjádò orílẹ̀-èdè fi wọ́n sí ipò 14.

Ní báyìí, ìwé ìpè ni wọ́n ń retí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Iléèwé wọn ti jẹ gbèsè. Bíi dọ́là 70,000 ni wọ́n ní bọ́ọ̀lù náà ti jẹ mọ́ iléèwé lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé tí bowl kan bá pè wọ́n, owó tó máa tibẹ̀ jáde lè mú kí ẹgbẹ́ náà wà fún ọdún míì. Tí kò bá sẹ́ni tó pè wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó tán síbẹ̀.

Ìwé ò dé.

Àwọn ìgbìmọ̀ náà ní àwọn tí wọ́n bá gbá ò lágbára tó. Àwáwí tó ṣeé sọ nìyẹn, torí pé lóòótọ́ ni wọ́n gbá San Jose State lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ Pacific tí wọ́n nà 47 sí 14, wọ́n pe òun sí Sun Bowl ní El Paso. Ká sì sọ òótọ́, Eddie Macon tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú ẹgbẹ́ Pacific, ó sì gbá Sun Bowl yẹn. Torí náà kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn ńlá, Orange, Sugar, Gator, àwọn yẹn tì í pa. Ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lábẹ́lẹ̀ ni pé a lè pè yín o, àmọ́ ẹ fi Matson àti Toler sílẹ̀ sílé.

Ẹ rántí irú ọdún tó jẹ́. Oṣù October ọdún 1951 yẹn kan náà ni wọ́n gbá ẹ̀ṣẹ́ mọ́ Johnny Bright lẹ́nu ní Oklahoma. Aláwọ̀ dúdú ni, òun ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Drake University. Bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nítòsí bọ́ọ̀lù, alátakò kan kọ lù ú, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, fọ́tò náà gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tójú gbogbo ayé rí nìyẹn o. Ti àwọn ìgbìmọ̀ bowl ò sí nínú fọ́tò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Ó wá kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Gbogbo àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́, aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń pè. Àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀. Ọjọ́ kan péré ni, ní Miami, oòrùn, òkun, rédíò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àwọn kan nínú wọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n sì lè sọ pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká lọ gba owó yìí wá kí iléèwé lè yè, ẹ̀yin náà á jẹ níbẹ̀." Àbí irú ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn létí? Ó jọ ọgbọ́n.

Wọ́n ní rárá.

Wọn ò ṣe ìpàdé alẹ́ mọ́jú. Wọn ò dìbò. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ léraléra nígbà tí wọ́n darúgbó pé kò sí àríyànjiyàn kankan. Bí gbogbo wọn ò bá ní lọ, ẹnikẹ́ni ò lọ. Ó tán.

A fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ohun kan wà tó ń dùn wá. Nígbà táwa náà wà níléèwé girama, a ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n pè wá sí ìdíje ní ìlú míì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tá a máa lọ, wọ́n ní àwọn méjì tí òbí wọn ò tíì sanwó aṣọ kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣọ́ ilé fún wa lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń kọjá lára rẹ̀. A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. A wọkọ̀, a lọ. Ẹ bi wá léèrè pé ta ló borí lọ́jọ́ yẹn, a ò rántí mọ́. Àmọ́ a rántí ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí lẹ́bàá géètì, a sì rántí pé ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí wa. Ó juwọ́ sí wa! Ìdí tí ìtàn San Francisco yìí fi ń wọ̀ wá lára nìyẹn. A mọ bó ṣe rọrùn tó láti wọ bọ́ọ̀sì.

Kí ló wá tìdí rẹ̀ yọ? Ẹ má rò pé ìyìn ló tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1952, Georgia Tech àti Baylor ló gbá Orange Bowl. Àwọn ọmọ San Francisco wà nílé. Iléèwé wọn sì kéde pé owó ti tán, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà ti túká. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò borí, wọ́n tú u ká! St. Clair ṣì lọ́dún kan sí i láti gbá, ó ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Yunifásítì Tulsa. Gbólóhùn kan ló kù lẹ́nu àwọn èèyàn nípa wọn: wọn ò pàdánù, wọn ò ta ọ̀mì, wọn ò sì pè wọ́n.

A ò ní purọ́ fún yín pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ló pa ẹgbẹ́ náà. Gbèsè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé owó bowl lè gbà á sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro nìyẹn. Ó rọrùn láti ṣe rere tí kò náni ní nǹkan kan.

Àwọn náà wá ńkọ́? Matson lọ sí Òlíḿpíìkì ní Helsinki ní 1952, ó gba bàbà nínú ìsáré 400 mítà, ó sì gba fàdákà nínú ìsáré àfọwọ́fà. Lẹ́yìn náà, ó di ìràwọ̀ láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Òun, Marchetti àti St. Clair, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni orúkọ wọn wà nínú Gbọ̀ngàn Òkìkí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹni mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ yunifásítì kan, ní sáà kan!

Ti Toler ló wọ̀ wá lọ́kàn jù. Ẹgbẹ́ Cleveland Browns ti yàn án, àmọ́ ní 1952 kan náà, ó fi orúnkún ṣèṣe nínú ìdíje kan ní Chicago. Kò lè gbá mọ́. Ó di olùkọ́, ó sì di ọ̀gá iléèwé ní San Francisco, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn níléèwé girama níbẹ̀. Ní 1965, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe rẹfirí nínú líìgì ńlá NFL. Ta sì ni ọ̀gá pátápátá fún NFL nígbà yẹn? Pete Rozelle! Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ìròyìn fún Dons ní 1951. Orí àga yẹn ló wà láti 1960 sí 1989. Ní January 1980, Toler wà lára àwọn rẹfirí ìdíje àṣekágbá, Super Bowl. Ẹni tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tẹ pápá Miami ló wá ń fọn fèrè lórí pápá tó ga jù lọ.

Gúúsù náà yí padà, díẹ̀díẹ̀. Ní 1956, Bobby Grier ti Pittsburgh di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá Sugar Bowl, láìka pé gómìnà Georgia pariwo pé kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kọ̀ ní 1951 ò rí ọjọ́ yẹn lórí pápá, wọ́n ti lọ wáṣẹ́.

Ní 2006, ọdún 55 lẹ́yìn ìgbà náà, yunifásítì wọn pe àwọn tó ṣì wà láàyè, ó sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá wọn lọ́lá. Àwọn arúgbó, wọ́n wọ aṣọ oyè. Toler kú ní 2009, Matson ní 2011, St. Clair ní 2015, Marchetti ní 2019.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ògiri tá a sọ lókè. Jálẹ̀ sáà yẹn, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun wọ̀nyẹn ti fi ara wọn ṣe ògiri kí Matson lè ráyè kọjá. Nígbà tí eré parí, tí kò sí bọ́ọ̀lù lórí pápá mọ́, wọ́n tún ṣe ògiri náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀tẹ̀ yìí, kò sí ìfọnfèrè, kò sí èrò ìwòran, kò sẹ́ni tó ka àmì fún wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn àgbà ti wí. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ òwe yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ká gé ìka méjì kúrò kí ìka yòókù lè jẹun, ọjọ́ yẹn la máa mọ̀ bóyá a gbà á gbọ́.

Ọmọ wa, tó o bá ń ka èyí, gbá bọ́ọ̀lù rẹ, kó o sì kàwé rẹ, màmá rẹ ń wò ọ́ o. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹsẹ̀ Matson. Àmọ́ tí kò bá fún ọ, kó fún ọ ní ẹnu àwọn tó sọ pé rárá.

Ẹ̀yin náà, ta lẹ fi sílẹ̀ lẹ́bàá géètì rí? Àbí ta ló kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì nítorí yín? Tẹ́ ẹ bá ṣì lè rí ẹni náà pè, ẹ pè é lálẹ́ òní. Àwa náà ti ń wá nọ́ńbà ọ̀rẹ́ wa tó juwọ́ sí wa.

Ó dàárọ̀ o. Olúwa á ṣọ́ ilé wa.